Ìrun Alásárì Tí Mak Haslan Kò Parí

Ẹ sún mọ́ra. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó lọ sùn, nítorí èyí tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ìjàpá, kò sì sí orin tí ẹ máa bá mi gbè níbẹ̀. Ti obìnrin kan ni, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Bí mo bá ń pe àwọn adìẹ mi jẹun, tirẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dé.

Nuriah ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Pulu Selma wa níbí, ọjọ́ tí obìnrin bá bí àkọ́bí ni orúkọ tirẹ̀ ti lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Nígbà tó bí Haslan, ó di Mak Haslan, ìyá Haslan. Saidin ọkọ rẹ̀, tó ń kan jukong, ọkọ̀ onígbòkun wa, ní àtíbàbà etí ọ̀sà, òun náà di Pak Haslan, bàbá Haslan. Nígbà tí wọ́n bí Rohani, ọmọbìnrin, tẹ̀lé e, orúkọ kò yí padà, àkọ́bí ló ni orúkọ. Bí mo bá ní kí n wá àwọn tó ṣì mọ orúkọ tí wọ́n sọ èmi gan-an, èmi tí gbogbo yín ń pè ní Nek, ìyá àgbà, Pulu Gangsa, níbi tí à ń sin òkú sí, ni mo máa ti rí púpọ̀ nínú wọn.

Ìyá Nuriah la àgbọn fún òyìnbó tó ni gbogbo ilẹ̀ yìí nígbà náà. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gbọ́ ìpè ìrun, á fi ọ̀bẹ gúnlẹ̀, á ṣe àlùwàlá, á kírun, á tún fa ọ̀bẹ yọ. Ìṣojú Nuriah ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó gba iṣẹ́ sí ilé àlejò ní Pulu Panjang, lódìkejì ọ̀sà, níbi tí bàálù ń bà sí, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ́ níbẹ̀. Ó ń fọ ilé ìwẹ̀, ó ń ká aṣọ ìbùsùn. Kí ìpè àsùbáà tó dún, ìrẹsì ti wà lórí iná. Á kírun, á jí àwọn ọmọ, á dín ẹja, á gún ata, á di oúnjẹ ọkọ, á di tirẹ̀, á sáré wọ ọkọ̀ ojú omi àárọ̀. Ìrun Àìlà, yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ìbùsùn sí ló ti ń kí i. Alásárì, ibẹ̀ náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀sì á kó wọn lọ sí èbúté, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ á gbé wọn sọdá, Mọ̀gàríbì á pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé. Bí wọ́n bá jẹun tán, á jókòó ti àwọn ọmọ nídìí Kùránì. Èyí tó bá ṣì í kà, á fi ṣíbí kan ilẹ̀, wọ́n á padà sẹ́yìn.

Mak Jaya, aládùúgbò wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ wò ó.

"Mak Haslan, ṣé ẹsẹ̀ méjì yìí náà ni Ọlọ́run fún ẹ, àbí o yá ti ẹlòmíì?"

"Tìẹ ni mo yá. Mo rí i pé o kì í lò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bára wọn ṣe, ẹ̀rín á gba gbogbo àdúgbò. Nígbà yẹn ni o.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ku ọ̀la kí a túnu ààwẹ̀. Gbogbo wa ló wà nídìí ewé àgbọn, à ń hun àpò kéékèèké tí a fi ń se ìrẹsì ọdún. Nuriah ti ní òun á tètè dé. Àmọ́ bàálù kan tí kò yẹ kó dúró bà sí Pulu Panjang, wọ́n ní nǹkan kan ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo èrò inú rẹ̀ sì ya wọ ilé àlejò. Bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó máa fi nàró, àsìkò Alásárì ti wọlé.

Ó lè wọ bọ́ọ̀sì kó lọ kírun nílé. Ó lè kí i níbẹ̀. Ó ní òun ti fi bẹ́ẹ̀dì àlejò fìyà jẹ ìrun òun tó lọ́sẹ̀ náà, òun á kí i níbẹ̀, òun á sì kí i dáadáa. Ó tẹ́ ẹní. Ìjókòó ìkẹyìn ló wà nígbà tí bọ́ọ̀sì fọn fèrè níta. Kò dìde. Ó kí àsàlámù sí ọ̀tún, ó kí i sí òsì, ó tọrọ àforíjì, ó ká ẹní. Nígbà tó jáde, eruku bọ́ọ̀sì ló bá. Ẹni tí bọ́ọ̀sì yẹn bá sì já sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ti já a sílẹ̀ nìyẹn.

Ó pe ilé lórí fóònù. Haslan ló gbé e. Ọmọkùnrin náà ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ nígbà yẹn, irùngbọ̀n ti ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Mak, ẹ dà? Ìkòkò ti ń pè yín."

"Ọkọ̀ já mi sílẹ̀."

"Háà, Mak! Ọdún ku ọ̀la! Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì òyìnbó lẹ ti máa ṣọdún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n pa lẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa lọ sí èbúté. Màá fi jukong wá gbé yín. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa. Kí ẹ tó ka Yáàsín tán, ẹ ti rí mi."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, ìyá kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé, bó bá ṣeé gbé padà sẹ́nu ni, ì bá fi ojú rẹ̀ méjèèjì rà á. Ti Nuriah kò gùn.

"Máa bọ̀," ló wí.

Ó bẹ ẹnìkan gbé e dé èbúté, ó dúró síbẹ̀. Ó rí ìgbòkun kan lókèèrè, funfun. Òjò ṣú láti apá òkun, ó dé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ó rọ̀, ó dá. Lẹ́yìn òjò, ọ̀sà mọ́ gaara bí àwo. Ìgbòkun kò sí níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n rí jukong náà lórí òkúta iyùn, ó dojú dé. Haslan, wọn kò rí i. Aṣọ ọdún ló wà lọ́rùn àwọn ọkùnrin tí wọ́n jáde lọ wá a. Ìrẹsì ọdún bà jẹ́ nínú ewé. Ọlọ́pàá wá, bàálù fò yí orí omi ká títí. Òkun kò dá nǹkan kan padà.

Nígbà tí Saidin bi í léèrè ohun tí ọmọ sọ lórí fóònù, ó ní, "Ó ní òun fẹ́ wá. Mo ní kó jókòó sílé." Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sọ fún ọlọ́pàá, òun ló sọ fún Lèmọ́mù. Ó sọ ọ́ títí ó fi dà bí òkúta lẹ́nu rẹ̀, kò lè tu ú, kò lè gbé e mì.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Glenys ọ̀gá rẹ̀, obìnrin òyìnbó tó ní sùúrù, ní kó sinmi títí tó bá wù ú. Kò sinmi. Ẹni tí nǹkan ń lé kì í wá àga.

Ibẹ̀ wá ni ohun tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yìí ti tú ọjọ́ náà wò nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni tú àwọ̀n, ó sì ti rí ojú ihò tí ọmọ rẹ̀ gbà bọ́. Kì í ṣe inú òjò. Kì í ṣe orí òkúta. Àárín àsàlámù ọ̀tún àti àsàlámù òsì ni. Bí òun bá ti dìde láìkí wọn, òun ì bá bá bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà, bó bá ti kírun Alásárì dé ìjókòó ìkẹyìn, á fò dìde, á ká ẹní, á sáré. Kò kí ọ̀tún, kò kí òsì. Ìrun tí a kò sì fi àsàlámù dé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò tíì parí. Lójoojúmọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tó parí rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó sí òsì rẹ̀.

Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ó ní òórùn ìgbòkun tútù ló kọ́kọ́ máa ń dé. Lẹ́yìn náà, èémí. Ẹni náà á jókòó bí a ti ń jókòó nínú ìrun, eékún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀, omi á máa kán sílẹ̀ lára rẹ̀, tó, tó, tó. Kì í sọ̀rọ̀. Ó ń dúró kí wọ́n kí òun ni.

Mo ní, "O ò sì yíjú wò ó?"

Ó ní, "Nek, tí mo bá yíjú tí mi ò rí nǹkan kan ńkọ́? Tí mo bá yíjú, tí mo rí i ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ewé tí mò ń hun bọ́ lọ́wọ́ mi.

Oṣù ààwẹ̀ tún yí dé. Bí ọdún ṣe ń sún mọ́lé, Saidin gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ lẹ́yìn ìṣínu. Rohani wà níbẹ̀, ó ń kó abọ́.

"Mak Haslan, lọ́jọ́ ọdún, kálukú á lọ sí Pulu Gangsa lọ dúró ti òkú rẹ̀. Àwa ò ní ibi tí a máa dúró sí. Jẹ́ kí Lèmọ́mù ṣe fìdáù fún un kí ọdún tó dé."

"Fún ta ni?"

"O mọ ẹni tí mò ń wí."

"Òkú là ń ṣe fìdáù fún. Ẹ fi òkú hàn mí, kí n gbé omi kaná tí a máa fi wẹ̀ ẹ́."

"Ta lo fẹ́ kí n fi hàn ẹ́ nínú òkun?"

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin náà ò rí i. Ẹni tí a ò rí, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó kú?"

Lèmọ́mù Mulyat wá fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tí omi gbé, ipò ńlá ló wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n àdúà wa kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Nuriah tẹ́tí sí i, ó gbé tíì àti àkàrà àgbọn kalẹ̀ fún un, ó dúpẹ́, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Rohani ńkọ́? Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé ńlá ní Pulu Panjang. Aṣọ ara rẹ̀ ló ń fọ̀. Nígbà tó ké Kùránì parí, tó yẹ kí a pe èèyàn jẹun, ìyá rẹ̀ ní kó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ná. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Ọmọ náà pa Kùránì dé, ó lọ fún àwọn adìẹ lóúnjẹ.

Ọjọ́ kan tí Nuriah kò lọ síbi iṣẹ́, ó lọ ra ẹja létí omi. Bó ṣe ń kọjá lẹ́yìn àtíbàbà ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń pariwo.

"Pak Rohani! Ẹ bá mi wo pákó yìí, ó ti ń là o."

"Mò ń bọ̀," ni ohùn Saidin dáhùn.

Nuriah yà wọlé. Ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni Pak Rohani?"

Gbogbo òòlù dákẹ́.

"Mo ní ta ni Pak Rohani? Ẹ fi hàn mí kí n kí i. Ọkùnrin tó fẹ́ mi sílé, Pak Haslan ló ń jẹ́."

"Nuriah," ni Saidin wí.

Kò sẹ́ni tó ti pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti bímọ. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe Pak Haslan, ṣe ni mo máa ń gbójú sókè wo ojú omi. Nínú iṣẹ́, lórí oúnjẹ, nínú ìlà ìrun. Ó ti rẹ̀ mí. Ọrùn ń dùn mí."

"Ó rẹ̀ yín, ẹ wá dáná sun orúkọ ọmọ mi!"

"Ọmọ wa."

"Ọmọ mi! Ẹ̀yin ti rí òmíì fi rọ́pò!"

Mak Jaya ti gbọ́ ariwo, ó sì ti dé. Ibi tí ariwo bá wà, ọ̀nà rẹ̀ máa ń gba ibẹ̀.

"Òmíì wo? Ṣé inú igbó ni wọ́n ti he Rohani ni? Kì í ṣe ikùn ẹ ló ti jáde? Mak Haslan, ojú omi lo tẹjú mọ́, o ò rí ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Ọmọ yẹn ti ga tó báyìí, ṣé o tiẹ̀ mọ̀? Aṣọ ilé ìwé ẹ̀ ti kúrú, èmi ni mo tú etí aṣọ náà sílẹ̀ fún un."

"Gbọ́ ti ìkòkò ẹ, Mak Jaya."

"Ìkòkò mi ò jóná. Tìẹ ló ń jóná."

Nuriah sọ ẹja sílẹ̀, ó lọ. Àwọn ológbò ló jẹ ẹja náà.

Láti ọjọ́ yẹn, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé bí àjèjì méjì tó wọ ọkọ̀ kan náà. Ó ń ṣe oúnjẹ ìṣínu, kì í jókòó tì í.

Rohani máa ń lọ dúró de ìyá rẹ̀ ní ilé àlejò bí ilé ìwé bá ti parí, kí wọ́n lè jọ wọ bọ́ọ̀sì. Níta ló máa ń jókòó. Lọ́jọ́ kan, oòrùn mú, ó wọlé wá sí yàrá aṣọ ìbùsùn. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ìjókòó ìkẹyìn. Ìṣojú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe fò dìde, tó fa ẹní.

"Mak, ẹ ò tíì kí àsàlámù."

"Bọ́ọ̀sì ń lọ."

"Bọ́ọ̀sì ò tíì dé, Mak. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀."

Nuriah dúró, ẹní wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Ẹ jẹ́ ká tún un kí," ni ọmọ náà wí. "Èmi náà ò tíì kírun. Ẹ jẹ́ ká jọ kí i." Ó gba ẹní, ó tún un tẹ́. Ó fa aṣọ ìbùsùn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ òsì, ó sì gbẹ́sẹ̀ kó dúró síbẹ̀.

"Kúrò níbẹ̀!"

Igbe tí Nuriah ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí àwọn àlejò ń jókòó sí.

"Kúrò níbẹ̀, Rohani! Ẹnìkan ti jókòó síbẹ̀!"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì rí i pé kì í ṣe eré. Ó ká aṣọ ìbùsùn náà díẹ̀díẹ̀, ó mú igun bá igun, bí ẹni tí ń ká aṣọ òkú. Kò sunkún. Títí wọ́n fi wọ bọ́ọ̀sì, títí wọ́n fi sọdá omi, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà tó rí bàbá rẹ̀ ní èbúté Pulu Selma ló tó la ẹnu.

"Pak, Mak ní ẹnìkan ti jókòó sí àyè mi."

Saidin wo ọmọ, ó wo ìyá.

"Máa lọ sílé, Rohani. Lọ gbé dábínù kalẹ̀ fún ìṣínu."

Ó dúró títí ọmọ náà fi yí kọ̀rọ̀. Àwọn jukong tí wọ́n dojú rẹ̀ dé wà lórí iyanrìn níbẹ̀. Oòrùn ti ń rì.

"Ta ló jókòó níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ ṣínu."

"Nuriah. Ta ló jókòó níbẹ̀?"

Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ rẹ̀, a jẹ́ pé òkú ni òun dárúkọ. Ohun mìíràn ló wá jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ní kó máa bọ̀."

"Kí lo wí?"

"Lórí fóònù. Mi ò sọ pé kó jókòó sílé. Irọ́ ni mo pa fún gbogbo yín. Ó ní òun fẹ́ wá gbé mi, mo ní máa bọ̀. Tí mo bá jẹ́ kí Lèmọ́mù pè é ní òkú, èmi ni mo pè é wá kú. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Ohun tó bá wù yín, kí ẹ fi mí ṣe."

Saidin wá ibi jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, ó fi ọwọ́ ra igi rẹ̀ bó ti máa ń ṣe bó bá ń wá ibi tó sán.

"Ta lo rò pé ó bá a ti jukong sómi?" ló wí níkẹyìn.

Nuriah wò ó.

"Ọkọ̀ yẹn wúwo. Ẹnìkan ò lè dá tì í. Èmi ni. Mo dúró nínú omi dé eékún. Mo rí òjò yẹn, Nuriah. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ òjò. Mo ní kó yára, á dé kó tó rọ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi tì í. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní inú mọ́ṣáláṣí ni mo wà."

Ìpè Mọ̀gàríbì dún. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í jẹ́ kó pẹ́, àmọ́ àwọn méjèèjì jókòó bí igi. Nígbà tó ṣe, Saidin ṣí ìgò omi rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó nà án sí i. Ó gbà á, ó mu. Wọn kò di ara wọn mú, wọn kò bẹ ara wọn. Omi yẹn ni wọ́n fi ṣínu, omi ìgò kan náà, ọ̀sà sì ń dúdú lọ níwájú wọn.

"Ẹ sọ fún Lèmọ́mù kó wá," ni Nuriah wí.

Wọ́n ṣe fìdáù náà nínú mọ́ṣáláṣí. Mo wà níbẹ̀, lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú àwọn obìnrin, eékún mi ń ro mí. Wọ́n ka Yáàsín. Nígbà tó kan kí a dárúkọ ẹni tí a torí rẹ̀ péjọ, Lèmọ́mù Mulyat gbé ohùn sókè. Orúkọ ìyá ló fi ń pe òkú, bí àwọn àgbà ti kọ́ ọ, nítorí wọ́n ní lọ́jọ́ Àjíǹde kò sí orúkọ bàbá tó dájú tó ti ìyá.

"Haslan ọmọ..." ló wí, ó dúró.

Ó wo Saidin. Láti ìgbà tó ti jẹ́ Lèmọ́mù, Mak Haslan ló mọ obìnrin náà sí. Haslan ọmọ Mak Haslan kì í ṣe ohun tí a lè gbé síwájú Ọlọ́run. Saidin la ẹnu, omi ojú ni ó jáde, ohùn kò jáde. Mọ́ṣáláṣí dákẹ́. Mak Jaya pàápàá dákẹ́, ẹ wo nǹkan.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohùn kan sọ ọ́. Kò ga.

"Nuriah. Haslan ọmọ Nuriah ni."

Lèmọ́mù gbà á, ó ń bá àdúà lọ. Àwọn ọmọdé ń wo ọ̀tún wo òsì, wọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nuriah fi ìborùn rẹ̀ bo ojú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ìgbòkun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn rẹ̀. Rohani ló di apá rẹ̀ mú títí a fi ṣe àmín.

Ọdún dé, ọdún lọ. Ó padà síbi iṣẹ́.

Bí ọjọ́ náà ṣe rí, bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Alásárì wọlé, ó tẹ́ ẹní láàárín àwọn aṣọ ìbùsùn. Rohani jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ ibẹ̀. Nuriah dé ìjókòó ìkẹyìn. Òórùn ìgbòkun tútù dé. Èémí náà dé. Omi ń kán, tó, tó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ fò dìde, bó ti mọ́ ọn lára. Ó fi ọwọ́ tẹ itan rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó kí àsàlámù sí ọ̀tún.

Ó ní ọrùn òun wúwo bí ẹni fẹ́ yí ọlọ. Ó ní òun dúró níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí òsì, ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kí ẹni tó wà níbẹ̀ ní àlàáfíà.

Mo bi í ohun tó rí. Ó wò mí, ó ní, "Nek, mo ti kí i." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì tún bi í mọ́.

Ó ṣì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Pulu Panjang títí dòní. Ní àtíbàbà, Pak Rohani ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀. Òun, àwa àgbà ń pè é ní Mak Haslan, àwọn ọmọdé ń pè é ní Mak Rohani, ó sì ń dá gbogbo wa lóhùn. Wọ́n ti pe èèyàn jẹun fún Kùránì tí ọmọ náà parí. Ewúrẹ́ ni wọ́n pa, Mak Jaya jẹ títí ó fi ń mí sókè.

Àmọ́ mo tẹ̀lé wọn sọdá omi lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo fẹ́ wọ bàálù lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Mo wà ní yàrá yẹn nígbà tí Alásárì dé. Rohani ló dúró sí òsì ìyá rẹ̀. Lèmọ́mù ti kọ́ gbogbo wa pé kí a má fi àyè sílẹ̀ nínú ìlà ìrun, kí èjìká kan èjìká. Ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀ ó fi àyè kan sílẹ̀ láàárín òun àti ìyá rẹ̀, kò tóbi, ìwọ̀n ibi tí ẹni tí kò sanra lè jókòó sí. Kò sẹ́ni tó bá a wí nínú wa.